Glútẹ́nì tó sá pamọ́ síbi tí kì í ṣe oúnjẹ: ohun táwọn èèyàn ń bi mí, àti bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Kàbà ni mò ń gbé, adìẹ ni mò ń sìn, mo sì ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní sílíákì. Látìgbà tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé mi ò jẹ búrẹ́dì mọ́ ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu wọn, lọ́jà o, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, lórí WhatsApp o, pàápàá àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àwọn náà ní in, tí jìnnìjìnnì ti bò wọ́n. Ti oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ le lọ́dọ̀ wa níbí, iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọkà bàbà, kò séyìí tó ní glútẹ́nì nínú wọn. Àwọn nǹkan tí kì í ṣe oúnjẹ ló ń da orí àwọn èèyàn rú, ìpara, oògùn, pẹ́ẹ̀sítì, fíìdì adìẹ, títí dórí ara Kristi. Mo wá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan kí ẹnu mi lè sinmi díẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ témi àti nǹkan yìí ti ń fà á, mo sì ti kà nípa ẹ̀ títí ojú fi ń ro mí.

Sílíákì yìí gan-an, kí ni? Kí ni glútẹ́nì?

Glútẹ́nì wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà bálì, èyí tí Rúùtù lọ pèéṣẹ́ ẹ̀ lóko Bóásì yẹn, ó tún wà nínú ọkà kan tí wọ́n ń pè ní rye tí a kì í rí níbí. Òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí wọ́n po máa fà bíi rọ́bà.

Ẹ wò ó báyìí: inú ìfun wa dà bí aṣọ àrán, irun wẹ́wẹ́ ló bò ó, irun yẹn ló sì ń fa oje oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní sílíákì, tó bá ti gbé glútẹ́nì mì, àwọn ọmọ ogun inú ara ẹ̀ á dìde sí ìfun òun fúnra ẹ̀, wọ́n á máa fá irun àrán yẹn títí táá fi pá. Oúnjẹ á wá máa kọjá lásán. Ẹ̀jẹ̀ ò ní tó, ikùn á máa wú, èèyàn á máa yàgbẹ́ gbuuru, á máa rù, ọmọdé ò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó, àfi kéèyàn má gbé glútẹ́nì mì mọ́, irun àrán yẹn á sì tún hù padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “gbé mì” yẹn sọ́kàn o, orí ẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà.

Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìyẹn?

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àwọn tó tọ́jú mi náà rò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọdún mẹ́ta wo ọgbẹ́ inú àti táífọ́ọ̀dù tí mi ò ní, kí dókítà kan ní Ìlọrin tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún nǹkan míì. Káàkiri ayé, nínú 100 èèyàn, bí ẹnì kan ló ní in. Ibi tí wọ́n tiẹ̀ ti rí i jù ni ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, láàárín àwọn Sahrawi tó wà ní aṣálẹ̀ Sàhárà lápá ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ wọn wò, tí àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1999, nínú 100 ọmọ ó lé ní 5 tó ní in.

Tí mo bá fi ìpara tàbí ọṣẹ tó ní àlìkámà para, ṣé kò ní gba awọ wọlé?

Kò lè gbà á. Glútẹ́nì tóbi ju ohun tó lè gba awọ tí kò bó wọnú ara lọ, inú ìfun sì ni ìjà sílíákì ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìyẹ̀fun àlìkámà wẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, tí kò bá ti dé ẹnu, ìfun yín ò ní mọ̀.

Mo sọ èyí nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún mi, mo kó gbogbo ìpara, ọṣẹ, shampoo, àtíkè, tìróò pàápàá, mo dì wọ́n sínú páálí, mo kó wọn fún ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ọ̀pọ̀ owó ló bá a lọ. Ọmọ yẹn ṣì ń dúpẹ́ títí dòní, èmi ni mò ń ra òmíràn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ bi ọjà kọ̀ọ̀kan: ṣé o lè dé ẹnu mi? Shampoo, rárá, àfi tẹ́ ẹ bá ń la ẹnu sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń fọ orí. Ìpara ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni, torí ọwọ́ yẹn la fi ń bu òkèlè, kì í ṣe ṣíbí. Ìpara ẹsẹ̀, kò kàn yín. Ìpara tí ìyá ọlọ́mọ ń fi sí orí ọmú, ó kàn án tó bá jẹ́ ọmọ ló ní sílíákì, torí ẹnu ọmọ ni yóò lọ. Ọmọ tó ń lá apá ìyá ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ ti rí bó ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi máa ń wú tó bá fi ọṣẹ kan wẹ̀, wọ́n ní àlìkámà wà nínú ẹ̀.

Ìyẹn yàtọ̀ o. Kí ara má gba àlìkámà, tí ojú ń wú, tí ara ń lé, tí èémí ń há, ìyẹn kì í ṣe sílíákì, alájì ni wọ́n ń pè é, òun sì lè gba awọ wọlé. Ní Jàpáánù, ọṣẹ ìfọjú kan wà tí wọ́n tà títí di ọdún 2010 tí wọ́n fi àlìkámà tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ṣe, ó lé ní 2,000 èèyàn tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlìkámà nítorí ẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ láìsí nǹkan kan. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ mú páálí ọṣẹ náà dání.

Èmi, igbọ̀nwọ́, orúnkún àti ìdí ló máa ń yún mi, ó máa ń lé ròrò olómi. Dókítà ní sílíákì awọ ni. Ìpara wo ni kí n yẹra fún?

Ó jọ ohun tó wá láti ìta, àbí? Ṣùgbọ́n inú náà ló ti wá. Dermatitis herpetiformis lorúkọ ẹ̀, glútẹ́nì tí èèyàn gbé mì ló ń fà á. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní dapsone tó máa ń tètè mú yíyún ẹ̀ rọ̀, dókítà ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lo dapsone tẹ́ ẹ sì ń jẹ búrẹ́dì, ẹ̀ ń nu ilẹ̀ nígbà tí páìpù ṣì ń ya omi.

Lípsítìkì ńkọ́? Mi ò lè jáde láìkun ètè.

Ẹ kun ún. Òótọ́ ni pé lípsítìkì ń wọnú ẹnu, a máa ń lá a, a máa ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní Ítálì, wọ́n yẹ ọjà 66 wò tó jẹ́ ti ètè àti ti eyín, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2019. 62 nínú wọn ni glútẹ́nì inú ẹ̀ ò tó 20 mílígráàmù nínú kílò kan, iye yẹn ni wọ́n sì fi ń pe oúnjẹ ní aláìní-glútẹ́nì. Mẹ́rin tó kù, pẹ́ẹ̀sítì méjì àti ohun ìkunètè méjì, ló kọjá díẹ̀. Ti ètè jẹ́ bíi mílígráàmù 27 nínú kílò kan. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì máa ń sọ ni pé glútẹ́nì tí kò bá ju 10 mílígráàmù lọ lóòjọ́, ìfun ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní sílíákì lè fara dà á. Kẹ́ ẹ tó rí 10 mílígráàmù nínú lípsítìkì tó jẹ́ 27 yẹn, ẹ máa jẹ ẹ tó 370 gíráàmù lójúmọ́. Ọ̀kan ṣoṣo kì í ju bíi gíráàmù mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá lè jẹ lípsítìkì ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan, àìsàn tiẹ̀ kì í ṣe sílíákì.

Èyí tí mo máa ń yẹra fún ni èyí tí wọ́n dìídì fi àlìkámà ṣe, tí wọ́n kọ wheat germ oil tàbí hydrolyzed wheat protein sára ẹ̀. Kì í ṣe pé ó máa pa mí, ṣùgbọ́n òmíràn pọ̀ lọ́jà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Tí ètè bá gbẹ lásìkò ọyẹ́, òrí ni mo ń fi sí i. Òrí ò ní glútẹ́nì láéláé, owó ẹ̀ ò tó ti líp-bámù, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Ẹnì kan tún béèrè ti ọkọ tó ń jẹ búrẹ́dì tó wá fẹ́ fẹnu ko ìyàwó ẹ̀ lẹ́nu. Kó fi omi yọ ẹnu dáadáa kó tó wá. Ó yẹ kó ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Pẹ́ẹ̀sítì?

Èyí tó pọ̀ jù ò ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí “cellulose gum” lára ẹ̀ tẹ́ ẹ pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, ara igi ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, kò bá àlìkámà tan. Ọmọdé tó máa ń gbé pẹ́ẹ̀sítì mì bí ẹní ń lá súwíìtì, ẹ ra èyí tí ẹ ti ka ara ẹ̀ dáadáa fún un. Orín ò ní ìṣòro kankan, ẹ máa rin ín lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ látara páálí? Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ le jù.

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì gan-an, èdè Látìnì ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa. Lára ìpara àti nǹkan ìṣaralóge, wọn kì í sábà kọ wheat gbàgàdà, Triticum vulgare ni wọ́n máa kọ, àlìkámà nìyẹn. Hordeum vulgare, bálì nìyẹn. Secale cereale ni rye. Avena sativa ni oat, òun fúnra ẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n àtoko títí dé ibi ìlọ̀ ni wọ́n ti máa ń pò wọ́n pọ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú ìpara àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara ń yún. Tẹ́ ẹ bá rí malt extract, bálì náà ló sábà máa ń jẹ́. Mo kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sínú ìwé kékeré kan tó máa ń wà nínú pọ́ọ̀sì mi, nígbà tí mo bá mú ìwé yẹn jáde ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn olójà máa ń rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní máàmi.

Àwọn tí kì í ṣe ọ̀tá: Zea mays ni àgbàdo, Oryza sativa ni ìrẹsì, Manihot ni ẹ̀gẹ́. Tocopherol ni fítámì E, ó lè ti ara àlìkámà wá lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sẹ́ ẹ débi tí glútẹ́nì ò ní ṣẹ́ kù sí i, ara sóyà ni wọ́n sì ti sábà ń mú un.

Nọ́ńbà NAFDAC dáa, ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún yín pé wọ́n forúkọ ọjà yẹn sílẹ̀ ni, kò sọ pé kò sí àlìkámà nínú ẹ̀. Àwọn ìpara tí wọ́n ń pò fúnra wọn tí wọ́n ń rọ sínú ike lásán, tí kò sí ìwé kankan lára ẹ̀, mi ò kì í fi sí ọwọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni mo lè fi sí.

Oògùn ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi fúláwà ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí kéèyàn dá oògùn dúró ló lè pa á, kì í ṣe glútẹ́nì inú ẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì máa ń ní nǹkan tí wọ́n fi dì í pọ̀, ó sì sábà jẹ́ ṣítáàṣì. Ṣítáàṣì àgbàdo ló wọ́pọ̀ jù, ti ọ̀dùnkún wà, ti ẹ̀gẹ́ náà wà. Ti àlìkámà ṣọ̀wọ́n gan-an. FDA, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta ní December 2017 pé àwọn ò mọ oògùn kankan tí wọ́n ń gbé mì lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi glútẹ́nì àlìkámà tàbí fúláwà sí, wọ́n sì ṣírò ẹ̀ pé tó bá tiẹ̀ jẹ́ ṣítáàṣì àlìkámà ni wọ́n lò, glútẹ́nì inú ìwọ̀n tí èèyàn máa lò lẹ́ẹ̀kan ò ní ju ìdajì mílígráàmù lọ. Tiwa níbí, oògùn India wà, ti Ṣáínà wà, ti Nàìjíríà wà, nítorí náà ẹ tú ìwé pélébé inú páálí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ excipients sí, ìyẹn àwọn nǹkan míì tí wọ́n fi po oògùn náà, tẹ́ ẹ bá rí starch lásán tí wọn ò sọ irú ẹ̀, ẹ bi fámásíìsì. Wọ́n lè pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n sì lè fún yín ní irú ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ míì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, ti wárápá.

Ibà kan mú mi, wọ́n fún mi lóògùn, mo ní mi ò ní lò ó àfi tí mo bá mọ irú ṣítáàṣì tó wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mò ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ti àgbàdo ni, inú mi dùn, mo ní kí wọ́n bá mi wá nǹkan tí mo máa fi gbé e mì, àbúrò mi bá ṣí máòtì tútù kan fún mi, torí ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀. Mo ti mu ún tó ìdajì kí n tó rántí pé bálì ni wọ́n fi ń ṣe máòtì. Mo sá fún eruku lára tábúlẹ́ẹ̀tì, mo wá fi ìgò bálì sín in ní ọ̀fun. Omi ni kẹ́ ẹ fi máa gbé oògùn mì.

Àgbo àti agúnmu kò ṣáà ní glútẹ́nì, torí ewé àti egbò ni?

Ewé ò ní, egbò ò ní, ẹ̀rọ ìlọta ló ní in.

Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà nílé wa níbí ti gbájú mọ́ òkèlè àlìkámà. Wọ́n á ra àlìkámà lọ́jà, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kan náà yẹn ni wọ́n máa da egbò gbígbẹ tiyín sí lẹ́yìn ẹ̀, òun náà ni wọ́n máa da èlùbọ́ yín sí. Wọn kì í fọ̀ ọ́, wọ́n á kàn fi igi gbá ẹnu ẹ̀ ni. Ìyẹ̀fun àlìkámà tó kù nínú ẹ̀rọ yẹn ló máa jáde pẹ̀lú agúnmu yín, ẹ̀yin á wá fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún láàárọ̀, ẹ̀ ń wo ara yín sàn lójú ara yín.

Èmi, ilé ni mo ti ń gún tèmi, odó kan wà tó jẹ́ tèmi nìkan. Èlùbọ́ àti ọkà bàbà, mo bá ẹlẹ́rọ àdúgbò mi sọ ọ́, èmi ló máa ń kọ́kọ́ lọ̀ fún láàárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti fọ ẹ̀rọ, mo sì máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ ẹ̀gẹ́ díẹ̀ kó dà á fún ewúrẹ́ kó tó da tèmi sí i. Mo máa ń fún un ní nǹkan lé owó ẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín mi.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa ń bo imú tẹ́ ẹ bá ń fún adìẹ lóúnjẹ?

Ìbéèrè tí mò ń dúró dè rèé.

Mo ti fi búrẹ́dì sílẹ̀ tó ọdún kan, mo ti fi Indomie, ṣinṣín, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, síbẹ̀ ikùn mi ṣì ń wú, ẹ̀jẹ̀ mi ò gòkè. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ṣì ń fi hàn pé glútẹ́nì ń wọlé. Dókítà ń wò mí bíi pé mò ń jí búrẹ́dì jẹ lóru. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àfi ọjọ́ tí mò ń po fíìdì, tí mo ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀ fún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́: àgbàdo, sóyà, PKC (ìyẹn èérí èkùrọ́), èérí àlìkámà báàgì méjì. Ọwọ́ mi dúró sínú fíìdì.

Wheat offal tí gbogbo àwa olùsìn adìẹ ń lò yẹn, èérí àlìkámà ni. Òun ló ń ti àwọn ilé ìlọ̀ fúláwà ńlá wá, a máa ń fi sí fíìdì adìẹ ẹlẹ́yin, ẹja àrọ̀ náà ń jẹ ẹ́, ehoro ń jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń pò ó, eruku ẹ̀ á gba inú yàrá kan. Afẹ́fẹ́ ò lè fún èèyàn ní sílíákì, òótọ́ ni, ẹ̀dọ̀fóró kọ́ ni ìjà ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n eruku tó bá wọ imú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló máa gbá a jọ lọ sí ọ̀fun, a ó sì gbé e mì láìmọ̀. Mo ti ń jẹ àlìkámà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọdún kan gbáko, láti imú.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà kan ní Ireland kọ nípa àgbẹ̀ méjì tó ní sílíákì tí ara wọn kọ̀ tí kò yá, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ń pò ni eruku ẹ̀ ń wọ̀ wọ́n nímú. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bo imú ni ara wọn yá.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: mi ò po fíìdì mọ́ fúnra mi, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ń pò ó, lẹ́yìn ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ìdáná. Tí mo bá máa wọ ilé adìẹ, mo máa ń lo ìbomú tó lè dáàbò bo èèyàn dáadáa, kì í ṣe aṣọ pẹlẹbẹ ìgbà kòrónà. Aṣọ tí mo wọ̀ síbẹ̀ kì í wọ yàrá. Mo máa ń bọ́jú, mo máa ń fọ ọwọ́ dé igbọ̀nwọ́. Mo sì ń wọ́n omi díẹ̀ sí fíìdì kó má baà fẹ́, ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ tán lọ́jọ́ yẹn o, torí tó bá ṣẹ́ kù á bu. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ mi gòkè.

Àwọn oníbẹ́kìrì náà nìyẹn, àti ẹni tó ń ta fúláwà ní ìwọ̀n lọ́jà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín nìyẹn, tẹ́ ẹ sì ní sílíákì, ọ̀rọ̀ yín le ju tèmi lọ, mi ò ní pa irọ́ fún yín, torí eruku fúláwà lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó balẹ̀.

Ẹyin àti ẹran adìẹ tó jẹ èérí àlìkámà yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ ẹ́. Adìẹ ti dà á, kò dé inú ẹyin. Ẹ ra ẹyin mi.

Ṣé mo lè gba ara Kristi?

Ibí yìí ni mo ti rí omijé àwọn ìyá jù. Ní Kátólíìkì, òfin ìjọ ni pé àlìkámà ni búrẹ́dì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́. Vatican kọ lẹ́tà lórí ẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n tún kọ òmíràn lọ́dún 2017, pé èyí tí kò ní glútẹ́nì rárá kò ṣe é lò, ṣùgbọ́n èyí tí glútẹ́nì inú ẹ̀ kéré gan-an ṣe é lò, tó bá ṣáà ti jẹ́ àlìkámà tó sì dì mọ́ra bíi búrẹ́dì. Ó sì wà níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè gbà á lè gba wáìnì nìkan, ó pé bẹ́ẹ̀, kò dín. Ẹ lọ bá Fadá kó tó di ọjọ́ Sunday, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé iwájú pẹpẹ. Kẹ́ ẹ sì ní kó ya ife tiyín sọ́tọ̀, torí Fadá máa ń já díẹ̀ nínú búrẹ́dì sínú ife tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá mu nínú ìyẹn, pàbó ni.

Ní ECWA, àti ní ọ̀pọ̀ ìjọ lápá Ìyàgbà lọ́hùn-ún, ó rọrùn díẹ̀, búrẹ́dì gígé tàbí bísíkíìtì ni, kò sí òfin pé àlìkámà ni dandan. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní Mọ̀pà máa ń mú nǹkan tiẹ̀ tí ó fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yan wá láti ilé, pásítọ̀ máa ń gbé e sí àwo ọ̀tọ̀, wọ́n á gbàdúrà sí gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ìjọ kan kùn, wọ́n ní ṣé ó rò pé òun mọ́ ju àwọn lọ ni. Wọ́n ti dákẹ́.

Ọmọ mi wà ní nọ́sìrì, kí ni kí n sọ fún tíṣà ẹ̀?

Sọ fún un pé amọ̀ ìṣeré aláràbarà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni àlìkámà wà nínú ẹ̀, Play-Doh gan-an ní in, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò lè fọwọ́ pò ó kó má ti ọwọ́ bọ ẹnu. Makaróni tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé náà wà níbẹ̀, àti gọ́ọ̀mù tí tíṣà fi fúláwà sè nígbà tí owó ò sí. Ti ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni kó sè dípò ẹ̀, òun náà ń lẹ̀ dáadáa, ṣebí òun làwọn olóṣèlú fi ń lẹ pósítà mọ́ ògiri wa tí kì í ṣí títí ìbò fi ń tún padà dé. Lẹ́yìn eré, kí ọmọ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́. Sánítáísà ń pa kòkòrò ni, kì í kó glútẹ́nì kúrò lọ́wọ́.

Gọ́ọ̀mù ẹnu ẹ́ńfílóòpù?

Èyí tó pọ̀ jù ò ní in. Ta ló tiẹ̀ ń lá ẹ́ńfílóòpù mọ́?

Àwọn nǹkan ilé ìdáná tí kì í ṣe oúnjẹ fúnra wọn?

Ajọ̀ ló burú jù. Ajọ̀ tí wọ́n fi jọ fúláwà ṣinṣín lọ́dún Kérésì, ẹ ò lè fọ̀ ọ́ mọ́ láéláé, ojú ihò ẹ̀ ni fúláwà ń sùn sí. Ẹ ra tiyín, ẹ so okùn pupa mọ́ ọn. Orógùn onígi tó ti sán náà ń gbé e pamọ́. Ìkòkò irin àti àwo tángaran, ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, ó tó. Kànrìnkàn tí wọ́n fi fọ ìkòkò spaghetti, kó má kan tiyín.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, inú ṣì ń run mí.

Ẹ kọ́kọ́ padà sórí oúnjẹ, torí nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá pè mí tó ń fura sí lípsítìkì, tí a bá jókòó tí a ka ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ yẹn, ìdí ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú ọbẹ̀ inú páátì tàbí ẹran súyà tí wọ́n gé lórí tábìlì oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo eruku, lẹ́yìn eruku, ẹ wo ọwọ́. Ti ìpara ló kẹ́yìn. Ẹ ní kí dókítà tún yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní tTG ni, òun ló ń sọ bóyá nǹkan kan ṣì ń wọlé. Tó bá ti wálẹ̀ dáadáa tí inú ṣì ń run yín, ó lè jẹ́ nǹkan míì ló ń ṣe yín, sílíákì ò ní kí ọgbẹ́ inú má ṣe èèyàn.

Ẹni tí wọn ò tíì yẹ̀ wò rárá, ẹ má tíì fi búrẹ́dì sílẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ti fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, àyẹ̀wò yẹn lè má rí nǹkan kan mú, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ padà lọ máa jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó máa ń dun èèyàn.

Ṣé mo lè fọwọ́ kan búrẹ́dì?

Mo máa ń ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ mi tí mo bá ń bọ̀ láti Lọ́kọ́jà, orí itan mi ló máa ń wà nínú mọ́tò títí dé Kàbà, tó gbóná, tó ń ta sánsán. Tí mo bá délé, mo fọ ọwọ́, mo jẹ iyán.